A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ, Ṣùgbọ́n Ilé-Ìwé Gbọ́dọ̀ Kà Wọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nínú agbo ilé, ọ̀rọ̀ náà dára, nítorí ẹni tí Olúwa fi ọmọ jíǹkí kì í fẹ́ kí ará ìta máa fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé-ìwé ìjọba, òwe yìí kò ṣeé tẹ̀ lé. Ìjọba tí kò bá mọ iye ọmọ tí yóò wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kò lè mọ iye yàrá, iye bẹ́ǹṣì tàbí iye olùkọ́ tí ó yẹ kí ó pèsè. Àṣìṣe nínú kíkà yìí ni ó ń mú kí ọmọ ẹlòmíràn jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ti ẹlòmíràn sì ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọs àti àwọn ìlú mìíràn lọ́nà méjì. Àwọn ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ìwé níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí ẹgbẹ́ wọn ń dá lóṣooṣù ń kọ́ yàrá ìkàwé sí ìlú baba wọn. Ó yẹ kí wọ́n mọ bí ilé-ìwé ṣe ń kún, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lé ìpìlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n dédé jí ṣe. Láti oṣù keje ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀, tí ìmúrasílẹ̀ sì gbà ju ọdún méjì lọ. Síbẹ̀, èrò tó dé kọjá kèrémí. Ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955, wọ́n di 811,432.

Ọgbọ́n kan tí ìjọba náà dá kò ná a ní búlọ́ọ̀kù kankan. Ọdún mẹ́jọ ni ọmọ máa ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba dín in kù sí mẹ́fà. Ọmọ tí ì bá tún jókòó fún ọdún méjì sí i jáde, ọmọ kékeré sì wọlé sí àyè rẹ̀. Yàrá tí ó wà nílẹ̀ ni a kọ́kọ́ lò dáadáa, kí a tó kọ́ tuntun kún un.

Ṣùgbọ́n ààlà ẹkùn ni ètò náà dúró sí. Lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Àríwá ni Ìlọrin àti Ọ̀fà wà nígbà náà, nítorí náà àǹfààní yìí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bákan náà ni Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kánò: bí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun jẹ nínú rẹ̀, àfi kí ó rán an padà sílé sí ọwọ́ ìyá àgbà.

Kíkà tí ó tàsé ní ọdún 1976

Ogún ọdún lé kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kárí orílẹ̀-èdè. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni ó kéde rẹ̀ ní Sókótó ní oṣù kìíní ọdún 1974, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ṣí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Ètò yìí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UPE, ni ó kọ́kọ́ fún ọmọ Yorùbá ní òkè Ọya ní àǹfààní kan náà pẹ̀lú ọmọ tí ó wà ní Ìbàdàn.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ ni kíkà. Ìkànìyàn ọdún 1973 ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed fi wọ́gi lé e ní ọdún 1975. Ìkànìyàn ọdún 1963, tí ó ti di ti àtijọ́, ni a tún padà gbára lé. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni a retí sí kíláàsì kìíní. Àwọn tí ó dé súnmọ́ mílíọ̀nù 3.

Kí ènìyàn ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ tí a kò retí tó 700,000. Bí a bá tilẹ̀ kó 40 ọmọ sínú yàrá kan, yàrá 17,500 ni wọn yóò nílò, láìtíì ka olùkọ́, bẹ́ǹṣì tàbí pátákó ìkọ̀wé. Yàrá bẹ́ẹ̀ kò lè hù láàárín oṣù kan bí olú. Nítorí náà ni ọmọ fi há mọ́ra wọn, tí àwọn kan jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tí a sì pín àwọn mìíràn sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Àwọn òbí kò jẹ̀bi: a pè wọ́n, wọ́n jẹ́ ìpè. Ẹni tó pe àlejò ni ó yẹ kó mọ iye àwo.

Àwọn ilé ìwé Jakande

Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí ó bá bọ́ sí ti ọ̀sán a máa wọ kíláàsì nígbà tí oòrùn bá mú jù, a sì máa fi ìrọ̀lẹ́ wá ọ̀nà ilé. Ní ọdún 1980 ni gómìnà náà fòpin sí ìlànà yìí. Ilé gígùn tí kò ní àjà, tí a fi páànù bò, tí kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan, ni ó kọ́ káàkiri. Àwọn ẹlẹ́gàn pè wọ́n ní ilé adìẹ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 605 tí ó bá nílẹ̀ di 812, ọmọ 434,545 sì di 533,001. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde nínú àwọn ilé náà ti di olùkọ́, dókítà àti agbẹjọ́rò.

Apá kejì wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Ilé tí a kọ́ ní kánkán tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n ń béèrè àtúnṣe lóòrèkóòrè. Níbi tí a kò ti ṣe é, páànù jò, ògiri sán, àwọn ìjọba tí ó tẹ̀ lé e sì ní láti wó òmíràn kọ́ tuntun.

Ewu tó wà nínú àjà orí àjà

Láàárín ìlú, ilẹ̀ a máa tán. Níbi tí kò bá sí àyè láti fẹ ilé, òkè ni ojú àwọn ènìyàn máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí a fi lélẹ̀ fún ilé tí kò ní àjà kò lè gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, àfi bí ẹnjiníà bá ti ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí òpó àti irin inú rẹ̀ sì tó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ìwé aládàáni wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì, ní Èkó. Nǹkan bí ènìyàn 20 ló bá a lọ, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ìwé aládàáni alájà méjì wó ní Busa Buji ní ìlú Jọs. Àwọn tó kú lé ní 20. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Plateau sọ pé ilé náà kò lágbára, àti pé ó súnmọ́ etí odò jù. Ilé aládàáni ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ ilé ìjọba yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ béèrè

Kì í ṣe òní ni ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ti ń kọ́ ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ni ó dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934. Offa Descendants Union sì dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1943. Irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ kò tíì kú. Ohun tí ó kù ni kí owó tí a fi òógùn dá nílẹ̀ àjèjì má baà ṣòfò.

Kí ẹgbẹ́ tó fi owó ránṣẹ́, ó yẹ kí ó béèrè ìwé orúkọ àwọn ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí kíláàsì kìíní bá ní 70 tí ìkẹfà sì ní 25, ó lè jẹ́ pé ìlú ń dàgbà, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ń sá kúrò kí wọ́n tó parí; yàrá tuntun kò lè wo àìsàn kejì yìí sàn. Kí ẹgbẹ́ béèrè bóyá olùkọ́ yóò wà, nítorí yàrá tí kò ní olùkọ́ kì í pẹ́ di ilé ewúrẹ́. Kí wọ́n wo àwòrán ilé tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù. Kí wọ́n ka kànga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, pàápàá nítorí àwọn ọmọbìnrin. Kí wọ́n sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gé tẹ́ẹ́pù ìṣílé.

Níbi tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú, ẹ̀tọ́ wà fún wọn. Òfin UBE ti ọdún 2004 fi owó ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá mú ìpín tirẹ̀ wá kò ní rí i gbà. Òbí tí ń san owó orí ní ìpínlẹ̀ kan lè bi aṣòfin ibẹ̀ bóyá ìpínlẹ̀ náà ti san tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tàbí àlejò.

Iṣẹ́ òbí náà sì kù. Ọmọ tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bí i kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni; ọjọ́ tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni yóò di èrò tí a kò retí. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kò kà, ó ṣòro kí a tó rí àyè kọ́ ọ.