Láptọ́ọ̀pù Ọ́fíìsì: Ká Ra Tuntun Ni, Àbí Ká Dúró?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Òkè-Ọdẹ, ọ̀rọ̀ tí a óò jọ fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. Àwọn kan ní kí a ra láptọ́ọ̀pù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Kí ni iṣẹ́ tí à ń fi ṣe? Àkọsílẹ̀ àjẹṣẹ́kù, ẹ̀yáwó, èlé àti lẹ́tà. Iṣẹ́ yẹn kò wúwo. Tuntun sábà máa ń jọ ti èṣí bí ìbejì. Ọpọlọ inú rẹ̀ ni wọ́n yí padà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, ohun òkè òkun ti di ọ̀wọ́n gógó.

Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ tuntun rí nǹkan sọ o. Windows 10 la ń lò, Microsoft sì ti fòpin sí ìtọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ihò tí a kò dí mọ́, olè lè gba ibẹ̀ dé ìdí orúkọ àti owó yín. Windows 11 sì ń béèrè ohun ààbò kan, TPM 2.0, àti ọpọlọ tí kò gbó jù. Tiwa kò lè gbà á.

Èrò tèmi ni pé ká ra tòkunbọ̀ tó lè gba Windows 11, tó ní RAM 8GB àti SSD, tí bátìrì rẹ̀ sì lágbára, nítorí iná wa tẹ́ ẹ mọ̀. Kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìlọrin ká tó sanwó. Ti àtijọ́, ká máa fi tẹ lẹ́tà, ká má so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Owó tó bá ṣẹ́kù, kó padà sínú ẹ̀yáwó. Àwọn àgbẹ̀ wa ń dúró dè é kí òjò tó dé.