Jíà Tí Dánfó Ò Fi Sílẹ̀, Tí Olówó Sì Ń Wá Kiri

Lójú títì Ìkòròdú, láàárín Fàdéyí àti Palmgrove, ibùdókọ̀ Onípanu kì í sinmi. Láti ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ kọjá níbẹ̀. Dánfó ń du èrò létí títì, kòròpé ń yà wọ Ṣómólú àti Bàrígà, àwọn Camry àti Corolla àdáni náà sì ń wá ibi tí wọ́n máa gbà yọ. Ẹni tó bá yọjú wo inú àwọn ọkọ̀ yìí á rí i pé jíà wọn ò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àdáni ló jẹ́ ọ́tò: ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tòsì kàn nà sílẹ̀ bí àlejò ni. Mánúà ni dánfó ní tiẹ̀, bí gosiló bá sì ti mú, ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ ò ní kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì títí wọ́n á fi dé Òjọ́ta.

Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti wá ló pinnu ohun tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ṣe. Ní 1975, nígbà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ l'Ékòó, tí Peugeot náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná, mánúà ló wọ́pọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀ kò tíì mọ ọkọ̀ wà. (Àwọn tó ń pariwo lónìí pé jíà ti kó dé ìdí sitíárì, ẹ sọ fún wọn pé Peugeot 504 tó kọ́kọ́ jáde ní 1968, ara igi sitíárì ni ọ̀pá jíà rẹ̀ wà.) Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù gba Kútọnu wọlé, Golf, Passat, Opel àti ẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún jẹ́ mánúà, torí bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ọ̀hún ṣe fẹ́ ẹ.

Amẹ́ríkà ló yí i padà. Láti ìgbà tí General Motors ti gbé jíà Hydra-Matic sínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940 làwọn ará ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Nígbà tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà wá ya wọ èbúté Èkó, àwọn Camry tí wọ́n sọ ní Big Daddy, Muscle àti Spider, àti Accord tí wọ́n pè ní End of Discussion, ọ́tò ló bá wọn wá. Ẹni tó rà wọ́n ò búra pé òun ò ní tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ọkọ̀ tó wà lọ́jà, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ náà wà lọ́jà, lòun rà.

Kí ló wá dé tí dánfó ò bá wọn lọ? Owó ni. Bí bátìrì dánfó bá kú, kọ́ńdọ́ á bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ìta á bá a tì í. Awakọ̀ á ki í sí jíà kejì, á dúró kí táyà yí díẹ̀, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ọkọ̀ á sọ kúlú lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á sì ta jí. Ẹ ti Camry ọ́tò láti Onípanu dé Ojúẹlẹ́gba, kò ní dá yín lóhùn. Bí awo kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán, mẹkáníìkì lè tẹ́ páálí sílẹ̀, kó wọ abẹ́ ọkọ̀, kó sọ jíà kalẹ̀, kó pààrọ̀ awo àti bíárìn, kí ọkọ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti ọ́tò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú fáàfù kéékèèké àti wáyà tó ń gbọ́ àṣẹ lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Bí òróró náà bá gbóná jù, tàbí tí wọ́n bá da ayédèrú sí i, jíà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọkọ̀ ò ní lọ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wulẹ̀ tú u. Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni wọ́n á gbà lọ ra odindi jíà tòkunbọ̀. Ẹni tó ní owó ọkọ̀ láti san fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ ò lè máa ṣe irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Lágbàáyé ọkọ̀ eré, ìtàn náà gba ibòmíràn. Ní 1989, John Barnard ya ọkọ̀ Ferrari 640 fún ìdíje Formula 1, ó sì yọ ọ̀pá jíà kúrò níbẹ̀ pátápátá. Pẹlẹbẹ méjì ló fi sẹ́yìn sitíárì, èyí tí wọ́n ń pè ní paddle: fa tọ̀tún, jíà gòkè, fa tòsì, jíà sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ awakọ̀ ò kúrò lórí sitíárì mọ́, inú ọkọ̀ náà sì lè túbọ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ó ń kú sójú ọ̀nà ṣáá. Nigel Mansell tó fẹ́ wà á ní Brazil ò gbà pé ó lè parí eré. Ní March 26, ọdún 1989, òun ló gba ipò kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ sitíárì ọ̀hún fún un láàárín eré. Nínú àwọn ìdíje tó tẹ̀lé e, jíà kan náà já a kulẹ̀ léraléra. Síbẹ̀, kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kò sẹ́gbẹ́ kankan nínú Formula 1 tó tún ń lo ọ̀pá jíà.

Ní 1997, Ferrari gbé jíà paddle sínú F355 tí èèyàn lè rà wà lójú títì. Kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀rọ ló sì ń bá awakọ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ó máa ń ta èèyàn síwá sẹ́yìn bó bá ń yí jíà. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wo àìsàn yẹn sàn. Ọ̀kan á di jíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún mú, èkejì á di ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ìkẹta, ìkẹrin ti wà ní sẹpẹ́, kílọ́ọ̀ṣì kan á kàn jù ú sílẹ̀ fún èkejì. Porsche ti dán an wò nínú ọkọ̀ ìdíje láàárín ọdún 1980 sí 1989. Volkswagen fi sínú Golf R32 ní 2003, ó sì dé inú Porsche 911 ní 2008.

Kò sí ẹsẹ̀ èèyàn tó lè bá ìyẹn sáré. Ferrari 458 jáde ní 2009 láìsí mánúà rárá, Lamborghini Aventador ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2011. Porsche 911 GT3 ti 2013, ọkọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ eré kà sí tiwọn gan-an, paddle nìkan ni. Corvette ti ọdún 2020 náà tẹ̀ lé wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Àwọn oníbàárà Porsche bínú. Iṣẹ́jú àáyá tí paddle ń gbà là lórí pápá ìdíje ò jọ wọ́n lójú. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sanwó fún. Ní 2016, Porsche ṣe 911 R, mánúà pọ́nńbélé, 991 péré. Kíá ló tán, àwọn tó rí i rà sì ń tà á lówó tó ju iye tí wọ́n rà á lọ dáadáa. Ní 2017, mánúà padà sínú GT3, láìfi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Toyota, tí Onípanu mọ̀ nílé lóko, gbé GR Supra jáde ní 2019 pẹ̀lú ọ́tò nìkan, ní 2022 ló fi mánúà kún un. Kílọ́ọ̀ṣì tí awakọ̀ dánfó ń tẹ̀ torí pé ó rọ̀ ọ́ lápò, òun náà lọlọ́lá ń tọ́jú owó dè ní Jámánì.

Paddle náà kúkú ti dé Onípanu, kì í sì í ṣe inú Ferrari. Àwọn Camry SE kan ní in lẹ́yìn sitíárì, pẹ̀lú àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò lára rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ò fọwọ́ kàn án rí. Ìwúlò wo ló ní níbi tí ọkọ̀ ti ń sún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan-kan? Bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ gbé Porsche GT3 dé títì Ìkòròdú láago méje àárọ̀, ọ́tò ni kó yáa gbà, kó dá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sí. Lójú ọ̀nà tó ṣí, tí kò sẹ́ni tó ń lé e, kó gba mánúà, torí níbẹ̀ nìkan ni wàhálà kílọ́ọ̀ṣì ti ń dùn mọ́ni.

Ọkọ̀ oníná mànàmáná ò nílò irú jíà bẹ́ẹ̀ mọ́, síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe é ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Hyundai fi paddle sínú Ioniq 5 N ní 2023 kó lè máa ṣe bí ẹni ń yí jíà, pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì tí kò sí níbẹ̀. Lexus ti Toyota tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe ọkọ̀ oníná kan fún àfihàn, wọ́n fún un ní ọ̀pá jíà àti kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ṣètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ débi pé bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ọkọ̀ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́.