Òórùn Ni Èdè Oyin

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí oyin sísìn mọ òórùn kan dáadáa. Bí inú oyin bá ti ru, tí wọ́n ń tú jáde, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á máa ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó kúrò níbẹ̀.

Igbe ni òórùn yẹn. Abẹ́rẹ́ tí oyin fi ń ta ni ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ lára. Tó bá ti wọ awọ ènìyàn, oyin kò lè fà á yọ mọ́. Oyin á já a sílẹ̀ tòun ti àpò oró, á sì kú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán: àpò náà ṣì ń fún oró sínú awọ, ó sì ń tú òórùn sáfẹ́fẹ́, kí àwọn tó kù lè mọ ibi tí ọ̀tá wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó gbá oyin pa mọ́ ara rẹ̀ tún ti bá wọn ké igbe mìíràn ni. Ní 1962, àwọn onímọ̀ ní Kánádà rí èròjà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, isopentyl acetate. Òun kan náà ló ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta sánsán.

Oyin ilẹ̀ wa, Apis mellifera adansonii, yára gbọ́ igbe yìí ju oyin Yúróòpù lọ.

Kì í ṣe ogun nìkan ni wọ́n ń fi òórùn sọ. Nínú ilé oyin, ìyá kan ṣoṣo ló ń yé ẹyin tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde, obìnrin sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ náà. Ayaba ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n èmi kò rí ibi tó ti ń pàṣẹ. Òórùn kan ló ń sun láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó yí i ká ń lá a, wọ́n sì ń gbé e kiri ara wọn. Bí wọ́n bá ṣì ń gbọ́ ọ, ọkàn wọn balẹ̀, wọn kì í sábà yé ẹyin tiwọn. Bí ìyá bá kú, láàárín wákàtí díẹ̀ gbogbo ilé ti mọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ àkànṣe bọ́ ọmọ kéékèèké mélòó kan kí ọ̀kan lè di ìyá tuntun.

Òórùn ìpè náà wà. Bí oyin bá ṣí dé ibùgbé tuntun, àwọn kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé ìdí sókè, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ òórùn sẹ́yìn fún àwọn tó kù. Ó jọ òórùn koóko ọba, ewé tí a ń fi ṣe tíì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sin oyin fi máa ń fi ewé náà ra inú àpótí tuntun, kí oyin lè wá wọ̀ ọ́.

Àwọn baba wa tó ń wá oyin nínú igbó mú ògùṣọ̀ lọ, iná sì pa ọ̀pọ̀ oyin. Èéfín nìkan ti tó. Ó ń dí ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí oyin fi ń gbóòórùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, igbe á ta wọ́n nù. Àwọn mìíràn á sáré lọ mu oyin yó, bí ẹni tó fẹ́ sá kúrò nílé.

Nítorí náà, bí oyin bá wọ òrùlé yín, ẹ má ṣe da kẹrosíìnì lé wọn lórí. Ẹ kó ọmọdé kúrò nítòsí, kí ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tó ń sin oyin. Bí ọ̀kan bá ta yín, ẹ má gbá a: ẹ fi èékánná ha abẹ́rẹ́ náà kúrò kíá, kí ẹ sì rìn jìnnà sí ilé wọn.