Kí Ló Dé Tí 5G Fi Ń Sá Tá A Bá Wọ Yàrá?

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mò ń fi ṣe másítà, ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ Akobo sì ń bi mí jù nìyí: “Níta, 5G ni fóònù mi ń gbé. Kí ló dé tó fi ń di 4G tí mo bá ti wọ yàrá?” Àwọn míì á ní fóònù wọn ni kò dáa, wọ́n á lọ náwó sórí òmíràn. Ẹ dúró ná.

Ìgbì rédíò ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ń lò, irú èyí tí WNTV fi bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn ní 1959. Ohun tó yàtọ̀ ni iye ìgbà tí ìgbì náà ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí wọ́n bá ní 900 MHz, ó ń mì nígbà mílíọ̀nù 900 nìyẹn. Ìgbì yìí gùn tó sẹ̀ntímítà 33, ó fi díẹ̀ ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Ti 5G tó wà ní 3,500 MHz ò ju bíi sẹ̀ntímítà 9.

Ìgbì tó gùn máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń gba inú ògiri kọjá dáadáa. Èyí tó kúrú, ògiri búlọ́ọ̀kù tètè máa ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀. Tí fóònù ò bá wá rí 5G mú mọ́, á padà sórí 4G, tó lè wà lórí ìgbì tó gùn jù ú lọ.

Kí ni wọ́n wá ń fi ìgbì kúkúrú ṣe? Àyè ni! Àyè tó wà nísàlẹ̀ níbi 900 MHz kéré, ọ̀pọ̀ ló sì ń pín in. Òkè lọ́hùn-ún ló gbòòrò. Bí ọ̀nà bá sì ṣe fẹ̀ tó ni dátà ṣe máa ń ráyè kọjá tó.

Àyè yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ní January 2001, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni àjọ NCC ta ìwé àṣẹ GSM kọ̀ọ̀kan. Ní December 2021, MTN àti Mafab gba 100 MHz ẹnì kọ̀ọ̀kan fún 5G, ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là.

Ẹ tún rántí pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó ni igi orí fóònù ń sọ, kò sọ iye èèyàn tẹ́ ẹ jọ ń pín in. Ìdí nìyẹn tí igi fi lè kún lálẹ́, kí dátà sì máa wọ́. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra fóònù tuntun, ẹ kọ́kọ́ sún mọ́ wíńdò tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.