Ìbéèrè Kẹta UCAS: Kí Ni Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Fẹ́ Gbọ́ Gan-an?

Láti ìgbà tí UCAS, àjọ tó ń bójú tó ìgbàwọlé sí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti yí fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà fún àwọn tó ń wọlé lọ́dún 2026, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jẹ àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ di dókítà lọ́kàn: ta la mọ̀ ní ọsibítù tó lè gba ọmọ wa láyè kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Àròkọ gígùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló rọ́pò rẹ̀. Kí ló dé tí o fi fẹ́ ka iṣẹ́ yìí? Báwo ni ẹ̀kọ́ tí o ti kọ́ ṣe múra rẹ sílẹ̀ fún un? Kí lo tún ti ṣe yàtọ̀ sí ti ilé ìwé, kí sì nìdí tó fi wúlò? Lẹ́tà 4,000 ni gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ àlàfo ààrin ọ̀rọ̀, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 350.

Ìbéèrè kẹta yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Wọ́n rí “kí lo ti ṣe,” wọ́n sì sáré lọ wá ohun ńlá tí ọmọ yóò ṣe. “Kí nìdí tó fi wúlò” ni wọ́n fò kọjá, níbẹ̀ gan-an sì ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ń wo ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní lo ọ̀sẹ̀ kan ní ọsibítù ńlá nítorí pé bàbá rẹ̀ mọ dókítà àgbà kan níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun wo iṣẹ́ abẹ mẹ́rin, òun bá àwọn dókítà yí wọ́ọ̀dù ká, orí òun sì wú. Èkejì ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní àdúgbò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń bá wọn pín oúnjẹ. Ó ṣàkíyèsí pé ìyá àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù máa ń jẹ oúnjẹ tó wà lápá ọ̀tún abọ́ tán pátápátá, kò sì ní fọwọ́ kan tapá òsì. Ọmọ náà rò pé ìyá kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́ tó wà lápá òsì ni. Òṣìṣẹ́ kan wá, ó kàn yí abọ́ náà po, ìyá sì jẹ ìyókù. Àrùn náà ti ba ọpọlọ jẹ́ lápá ọ̀tún, kì í jẹ́ kí ìyá mọ̀ pé nǹkan kan wà lápá òsì òun. Ohun tí ọmọ yìí kọ ni pé láti ọjọ́ náà, kí òun tó sọ pé aláìsàn kọ nǹkan, òun á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tiẹ̀ rí i.

Èkíní ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Èkejì sọ ohun tó yí padà nínú ìrònú rẹ̀. Máàkì wà níbi tèkejì.

Ìdí kan wà tí àwọn yunifásítì fi ń fura sí àròkọ ńlá. Lọ́dún 2007, ìròyìn jáde pé nígbà tí UCAS fi kọ̀ǹpútà yẹ àròkọ bíi 50,000 wò, akẹ́kọ̀ọ́ 234 ló kọ ìtàn kan náà: bí wọ́n ṣe ṣèèṣì jó ihò sí aṣọ ìsùn wọn pẹ̀lú ohun ìṣeré kẹ́mísìrì ní ọjọ́ ìbí wọn kẹjọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí i kó. Lọ́dún 2016, Fiona Patterson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí bí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣe ń yan ọmọ. Wọ́n rí i pé àbájáde ìdánwò àti MMI (ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kéékèèké tó pọ̀) ṣeé gbára lé ju àròkọ, lẹ́tà ìjẹ́rìí àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àtijọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kì í fi í fún àròkọ ní máàkì kankan kí wọ́n tó pe ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ó yẹ kí ẹ mọ MMI yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ọmọ ti ṣe ti máa ń fara hàn. Yunifásítì McMaster ní Hamilton, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló dá a sílẹ̀, ìwádìí tí Kevin Eva, Harold Reiter àtàwọn mìíràn gbé jáde lọ́dún 2004 ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé bí èèyàn méjì mẹ́ta bá jókòó ti ọmọ kan fún wákàtí kan, tí ojú rẹ̀ bá wù wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Bí kò bá wù wọ́n, ó parí. Wọ́n wá pín ìgbà náà sí wẹ́wẹ́: yàrá 10, ìṣẹ́jú 8 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń fúnni ní máàkì sì yàtọ̀ láti yàrá sí yàrá. Bí o bá ṣubú ní ọ̀kan, ẹni tó wà ní yàrá kejì kò gbọ́. Ara OSCE ni wọ́n ti mú ọgbọ́n náà, ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí Ronald Harden bẹ̀rẹ̀ ní Dundee, ní Scotland, ní àwọn ọdún 1970.

Ní yàrá kan, òṣèré lè ṣe bí ẹni tí inú ń bí, kí wọ́n ní kí ọmọ bá a sọ̀rọ̀. Ní òmíràn, wọ́n á ní kó sọ ìgbà kan tí òun àti ẹlòmíràn kò gbọ́ra wọn yé níbi iṣẹ́. Ọmọ tó kàn dúró wo iṣẹ́ abẹ kò ní ní ohun púpọ̀ láti sọ. Ẹni tó ti ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà ti pariwo mọ́, ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Medical Schools Council, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ti sọ ọ́ ní gbangba: kò pọn dandan kó jẹ́ ọsibítù. Ibikíbi tí ọmọ bá ti ń tọ́jú èèyàn tàbí tó ń sìn wọ́n, ó wúlò. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìdílé ní Observe GP, fídíò ọ̀fẹ́ tí ẹni tó bá ti pé ọdún 16 lè wò nínú ilé. Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ àgbà, tó ń ka oògùn rẹ̀ fún un, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà sí Yorùbá fún un, ti ní ohun gidi láti kọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní AMCAS gba nǹkan 15 tí èèyàn ti ṣe, mẹ́ta péré ló sì lè yàn pé ó ṣe pàtàkì jù, kó fi àlàyé kún un. Àlàyé yẹn náà ni wọ́n ń wá. Ní Nàìjíríà, JAMB, post-UTME àti èsì ìwé mẹ́wàá ló ń pinnu, wọn kì í sábà bi ọmọ ní ohun tó ṣe lẹ́yìn ilé ìwé. Ó sábà máa ń ya ọmọ tó ti ibẹ̀ wá lẹ́nu tí wọ́n bá bi í.

Ǹjẹ́ ọ̀nà yìí ń mú dókítà tó dára jù jáde? Èmi kò ní fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀rí tó so iye wákàtí tí èèyàn fi yọ̀ǹda ara rẹ̀ mọ́ irú dókítà tó máa dà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè kẹta lè gbe ọmọ tálákà tí kò mọ dókítà kankan, bí àwọn tó ń fúnni ní máàkì bá ń wo ìdajì rẹ̀ kejì lóòótọ́. Bí orúkọ ọsibítù bá ṣì ń dùn mọ́ wọn, ọmọ olówó la tún tún ọ̀nà ṣe fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa bá yín wá ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wá iṣẹ́ kan nítòsí tó máa lè ṣe fún oṣù púpọ̀. Bó bá ti dé lálẹ́, kó kọ ohun tó rí àti ohun tó kọ́ sílẹ̀, kó má sì kọ orúkọ aláìsàn tàbí ohun tí a lè fi dá a mọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni fọ́ọ̀mù ìṣègùn ti UCAS sábà máa ń parí lọ́dọọdún, ìwé kékeré yẹn ló sì máa bá a dáhùn ìbéèrè kẹta.