Wákàtí 60 Nísàlẹ̀ Òkun

Kúùkù ni Harrison Okene nínú ọkọ̀ Jascon-4, tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣiṣẹ́ lójú òkun nítòsí Escravos, ìpínlẹ̀ Delta. Ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tilẹ̀kùn yàrá nítorí ajalèlókun. Ilẹ̀kùn ààbò yẹn ló há wọn mọ́. Nínú àwọn 12 tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló yè.

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù nínú ọkọ̀ ló ń mí fún nǹkan bíi wákàtí 60, ní ìsàlẹ̀ omi tó tó 30 mítà. Pátá nìkan ló wọ̀, igo Kóòkì kan ló rí mu. Òkú làwọn òmùwẹ̀ wá gbé. Ọwọ́ alààyè ni wọ́n bá pàdé!

Ẹ má rò pé wọ́n kàn fà á sókè o. Omi ti tẹ gáàsì naitirójìn wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá yára jáde, ó lè kú. Yàrá àkànṣe ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí fún ọjọ́ bíi méjì àtààbọ̀.

Ó ní òun ò ní padà sókun mọ́. Nígbà tó yá, iṣẹ́ òmùwẹ̀ ló lọ kọ́.