Ṣé O Mọ̀? Àṣírí Tí Mario Fi Pamọ́ Fún Wa Láti Kékeré

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo géèmù Super Mario Bros. tí a fi odindi ìsinmi ilé-ìwé ta kò ju kilobáìtì 40 lọ? Fọ́tò kan ṣoṣo tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí tóbi jù ú lọ fíìfíì. Inú àyè bíńtín yẹn ni àwọn ará Nintendo, ní ìlú Kyoto lórílẹ̀-èdè Japan, kó ayé mẹ́jọ sí, ìpele 32, tòun ti orin. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹni tó bá tún ta á lónìí, tó ti di ìyá tàbí bàbá ọmọ, yóò rí i pé eré náà ò yí padà. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú tó láti rí ọgbọ́n àwọn tó ṣe é.

Tún ojú ọ̀run ibẹ̀ wò dáadáa. Ìkùukùu tó wà lókè àti igbó kékeré tó wà nílẹ̀, àwòrán kan náà ni. Wọ́n kun ọ̀kan ní funfun, wọ́n kun èkejì ní àwọ̀ ewé, torí àyè ò gba méjì. Irunmú Mario gan-an, àìsí àyè ló bí i. Nígbà tí Shigeru Miyamoto ń ya Mario fún Donkey Kong, géèmù tó jáde ní 1981, kò sí bí ẹnu ṣe lè hàn lójú tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ló bá fi irunmú dípò rẹ̀. Ó sì dé e ní fìlà, kó má baà di pé ó ń ya irun orí.

Ṣé o mọ̀ pé ayédèrú ni Bowser, ọba àwọn ìjàpá, tí a máa ń bá nínú ààfin? Nínú ayé mẹ́jọ, méje ló jẹ́ ayédèrú. Ẹni tó bá sáré lọ fọwọ́ kan àáké ìdí afárá kò lè mọ̀ láéláé. Àfi kí o jù ú ní iná títí yóò fi ṣubú, ìgbà náà ni yóò paradà lójú rẹ: ti ayé kìíní á di Goomba, olú ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó kọ́kọ́ pa gbogbo wa. Ti ayé kẹjọ nìkan ni ojúlówó.

Iná ayọ̀ tó máa ń bú lójú ọ̀run lẹ́yìn tí o bá ti gun òpó àsíá kì í ṣe oríire lásán. Bí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára aago bá jẹ́ 1, 3 tàbí 6 nígbà tí o di òpó mú, iye náà ni yóò bú.

Orin Koji Kondo tó ń dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀ sì ti wọ ibi ìpamọ́ ohùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní Library of Congress, ní 2023. Òun ni orin géèmù àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ó tọ́ sí i.

Èyí tó dùn mí jù lọ rèé. Ẹ̀rọ géèmù tí ọ̀pọ̀ wa lò ní Nàìjíríà, àdàkọ olówó pọ́ọ́kú ni, kì í bá ìwé ìlànà wá. Ta ni ì bá sọ fún wa pé bí Mario bá kú tán pátápátá, kí a tẹ bọ́tìnnì A mọ́lẹ̀ kí a tó tẹ Start, ìpele kìíní inú ayé tí a kú sí la ó ti máa bá eré lọ? Ẹkún tí à bá má sun! Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ, kò sí ohun tí A lè ṣe, nítorí kásẹ́ẹ̀tì náà kì í tọ́jú nǹkan kan.

Atẹ́gùn tí a sì ń fẹ́ sídìí kásẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń tún un ṣe. Yíyọ tí a yọ ọ́, tí a tún tì í bọ̀ ọ́, ni irin rẹ̀ fi ń kanra. Nintendo fúnra wọn kìlọ̀ pé ká má fẹ́ ẹ, torí omi inú èémí ń jẹ irin.

Ìbọn Duck Hunt, géèmù tí a fi ń yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ, ńkọ́? Bí o bá rí i nínú àpótí lónìí, tí o nà án sí tẹlifíṣàn pẹrẹsẹ, o ò ní pa pẹ́pẹ́yẹ kankan. Ìbọn náà kì í yin nǹkan kan jáde, wíwò ló ń wò. Bí o bá ti fa á, ojú tẹlifíṣàn á ṣókùnkùn fìrí, àmì funfun á yọ níbi tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Bí ìbọn bá rí ìmọ́lẹ̀ náà, o ti pa á. Tẹlifíṣàn òde òní máa ń pẹ́ díẹ̀ kí àwòrán tó yọ lójú rẹ̀, ìbọn á sì ti wò tán. Tẹlifíṣàn àtijọ́ ẹlẹ́yìn ràgàjì nìkan ló bá a mu.

Bí o bá sì rí ọ̀kan, pe àbúrò rẹ tó máa ń jókòó wòran nígbà yẹn. Nínú eré oní-pẹ́pẹ́yẹ kan, bí ìwọ bá mú ìbọn, ẹni tó di páàdì mú lè máa darí pẹ́pẹ́yẹ náà bó ṣe wù ú, kó máa gbé e sá fún ọ.